Ọdún Tí Wọ́n Lé Agbọ̀n Èsúrú Kúrò Lódò

Bí o bá gba ọ̀nà Òsì wá sí ìlú wa ní àkókò ìyàn, kí o tó rí ilé kan ṣoṣo ni imú rẹ yóò ti sọ fún ọ pé o ti dé. Òórùn èsúrú igbó tí wọ́n rẹ sódò ni: òórùn kíkorò bí ewé tútù tó ń jẹrà, tí ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń ta ènìyàn lọ́fun bí èéfín ata. Èmi kò lè gbọ́ òórùn yẹn lónìí kí àyà mi má já. O lè rẹ́rìn-ín, kí o ní kí ló kan èsúrú kan àyà olùkọ́. Ṣùgbọ́n fún èmi, ẹ̀jẹ̀ wà nínú òórùn náà, igbe obìnrin wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí gan-an, nítorí ìwọ lo jókòó tì mí ní kíláàsì tí wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tó wà ní ìdí rẹ̀.

Ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ lórí wa nígbà náà. Àwọn baba wa ṣì ń sọ̀rọ̀ ogun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà tó kọjá, owó orí ṣì ń yà wọ́n lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn dógarì tó ń wọ agbádá pupa ti ọ̀nà Ìlọrin wá, wọ́n ń gbé láàárín wa, wọ́n ń ṣe ojú àti ọwọ́ fún ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ẹkùn wa. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni. Ìjọ wa rán mi padà sílé kí n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nínú ilé amọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Ẹ̀rù ń bà mí lọ́sàn-án lóru. Mo ń bẹ̀rù kí àwọn àgbà má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún ń bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ohun tí mo kọ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bí mi. O mọ̀ mí: bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ńṣe ni mo máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Ọdún náà gan-an ni òjò dá. Iṣu tí a gbìn jóná sínú ebè, àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Àwọn ènìyàn wá gun òkè lọ wú èsúrú igbó, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gúdúgúdú. Oró wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yóò kọ́kọ́ kú, ojú rẹ̀ yóò máa rí kùrukùru, lẹ́yìn náà ni gìrì yóò gbé e. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ oró. Wọn a bó o, wọn a gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí etí ewúrẹ́, wọn a fi iyọ̀ ra á, wọn a kó o sínú agbọ̀n, wọn a sì fi òkúta tẹ agbọ̀n náà mọ́ ìsàlẹ̀ odò níbi tí omi ti ń sáré. Bí ọjà bá yípo, wọn a kó o jáde, wọn a sè é, a ó sì jẹ ẹ́. Ìyá mi máa ń sọ pé, “Odò ní láti kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ nínú usu yìí kí àwa tó jẹ tiwa.” Usu ni a ń pe iṣu lọ́dọ̀ wa.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo dé kí n tó mọ ohun tí odò ń jẹ. Ṣé o rántí àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ tí olùkọ́ wa rọ omi oyin sí, tó so ẹnu rẹ̀ pinpin, tó gbé e sínú àwo omi lásán? Nígbà tí a ó fi jẹun ọ̀sán tán, àpò náà ti wú, ó le gbandi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò tú u. Omi ti gba ara awọ wọlé. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun alààyè rí: ilé kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ló tò jọ di ewé, tó tò jọ di iṣu, tó tò jọ di ẹran ara wa. Awọ tínrín kan yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, awọ náà sì ń ṣe bí ẹnubodè ìlú. Ó ń jẹ́ kí àwọn kan kọjá, ó ń dá àwọn mìíràn dúró. Ohun tó bá rí àyè kọjá a máa rìn láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tó ti kéré, títí tọ̀tún tòsì awọ yóò fi dọ́gba. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, kò sí ohun tí yóò tún dín kù níbì kan mọ́. Iyọ̀ ní tirẹ̀ a máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì síta, bó ti ń fa omi ara ìgbín. Mo jókòó níbẹ̀, ìyá mi ni mo ń rò, bó ti máa ń ká aṣọ rẹ̀ sókè létí odò. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omijé bọ́ lójú mi, ojú sì tì mí nítorí pé o rí i.

Ilé ìsinmi tí ajẹ́lẹ̀ máa ń dé sí wà létí odò, níwájú níbi tí omi ń ṣàn lọ. Nígbà tó wá lọ́dún náà, ó gbóòórùn èsúrú nínú omi ìwẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má rẹ ohunkóhun sódò mọ́. Dógarì ìlú wa gba àṣẹ náà bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó gun ẹṣin wọ inú omi láàárọ̀, ó ń fi pátákò ẹṣin tẹ àwọn agbọ̀n fọ́, ó ń pariwo pé, “Ẹ kó ìdọ̀tí yín! Ẹ kó o!” Ìyá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi ní, “Bí imú ajẹ́lẹ̀ bá gbẹgẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí kò fi í sílẹ̀ sílé kó tó wá?” Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fa kòbókò yọ. Mo wà níbẹ̀; mo rí i. Kòbókò náà ya ẹ̀yìn ìyàwó kékeré kan tí wọ́n gbé láti Ìsọlọ́-Ọ̀pin wá sí agbo ilé tó kọjú sí tiwa, títí aṣọ rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Ó la ètè ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sí méjì. Omi odò pọ́n díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún mọ́, nítorí pé omi tó ń ṣàn kì í pẹ́ gbé ohunkóhun mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, ìjọ rán mi lọ sí Ìlọ́fà láti lọ kó síléètì tí àwọn ọmọ yóò fi kọ̀wé. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún ni àwọn obìnrin kó èsúrú wọn sínú ìkòkò nílé. Kò sí ohun tí wọ́n gbàgbé. Wọ́n bó o, wọ́n gé e, wọ́n fi iyọ̀ ra á, wọ́n bu omi lé e, wọ́n dé e, wọ́n ń retí kí ọjà yípo. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ omi èsúrú rí, nítorí pé odò ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n gbé gbogbo àṣà náà wọlé tán, ṣíṣàn omi nìkan ni wọn kò lè gbé. Oró jáde láti inú èsúrú sínú omi ìkòkò títí méjèèjì fi dọ́gba, ó sì dúró síbẹ̀.

Mo ti ń sún mọ́ ìlú lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ariwo. Ariwo òkú kì í rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ọdẹ tó ti yí ẹran ká ló jọ. Mo sọ ẹrù mi sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sáré.

Ọkọ ìyàwó ará Ọ̀pin ni wọ́n pè síṣẹ́ ojú ọ̀nà ìjọba, tí ìyàwó rẹ̀ fi tètè se èsúrú fún un ṣáájú gbogbo ilé yòókù, kó má bàa lọ pẹ̀lú ebi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó dìde, ó ní òun kò rí ẹnu ọ̀nà. Gìrì gbé e mọ́lẹ̀ lójú àwọn ará ilé, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, ó sì kú kí oòrùn tó mú. Òkú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọn kò tíì wẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n fa ìyàwó jáde.

Wọ́n ti na apá òsì rẹ̀ sórí òkúta tí a máa ń lọ ata lé, ẹnì kan sì ti fi ọmọrí odó fọ́ ọ. Mo rí egungun. Etí rẹ̀ kan ti ya níbi tí wọ́n ti já yẹtí rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ jẹ kòbókò létí odò ń fi igi lù ú ní ẹ̀yìn kan náà, lórí àpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó ní ọwọ́ bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ló gbá a nírun mú.

“Èé ṣe tí ìwọ kò jẹ nínú rẹ̀?” ló ń bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyàwó máa ń ṣáájú ọkọ jẹun ni?” Ìyàwó náà ló dáhùn. “Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni mo fẹ́ jẹ.”

“Ó ṣẹ́ kù! Ẹ gbé e wá. Kó jẹ ẹ́!”

Ọ̀rẹ́ mi, ìlú tó bí mi ni wọ́n, tó kọ́ mi pé kí obìnrin gbé oúnjẹ fún ọkọ kó tó bu tirẹ̀. Àṣà náà gan-an ni wọ́n wá sọ di ẹ̀rí. Wọ́n ki igi bọ ẹnu rẹ̀ kó má lè pa á dé. Eyín rẹ̀ ń fọ́ lára igi. Ẹnì kan ti bu èsúrú sínú igbá, ó ń bọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Mo já wọ àárín wọn, mo ń sọ̀rọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọ bí mo ṣe sọ̀rọ̀ tó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ẹ̀lì. Mo sọ̀rọ̀ awọ tínrín, mo sọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ ewúrẹ́, mo sọ pé omi ìkòkò ti dọ́gba pẹ̀lú inú èsúrú, mo gbàgbọ́ pé bí mo bá ṣáà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa wọn yóò fi obìnrin náà sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní, “Olùkọ́, ṣé ìwé lo wá kà sí òkú létí ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, “Ó lè jẹ́ òun ló ń fẹ́ ẹ!” Kùmọ̀ bà mí lẹ́nu, mo ṣubú. Mo tutọ́, eyín mi méjì wà nínú rẹ̀. Igbá ti wà lókè orí obìnrin náà.

Láti ilẹ̀ ni mo ti bi ẹ̀gbọ́n olóògbé léèrè. N kò mọ ẹni tó fi í sí mi lẹ́nu. Bóyá ìrora ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, inú kí ni ẹ rẹ èsúrú tiyín sí?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè. “Inú ìkòkò ni. Ta ló tún fẹ́ jẹ kòbókò?”

“Ẹ fi omi rẹ̀ fún adìẹ mu.”

Òun kò tíì dáhùn tí ìyàwó rẹ̀, ẹni tí ètè rẹ̀ là, fi ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó ti gbé ìkòkò tirẹ̀ kaná kó tó jáde wá lu ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló jókòó yí iná ká. Ó pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sá lọ. Gbogbo wa dúró. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò kúrò nínú irun obìnrin náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó gbé igbá rọ̀ wá sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó náà padà dé, ó gbé korobá omi èsúrú lọ́wọ́, ó mú àgbébọ̀ adìẹ sí abíyá, omi gbígbóná ti bó o lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ta ìkòkò orí iná dànù. Ó ya ẹnu adìẹ náà, ó rọ omi sí i. Ó gbé e sílẹ̀. Adìẹ náà rìn bí ẹni mutí, ó yí ọrùn sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyẹ́ gbá ilẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀.

“Obìnrin yìí ti bu oró sí tiwa náà!” ni ẹ̀gbọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yípadà.

Ìyá mi ló dáhùn láti ẹ̀yìn. “Ó wọ ilé mi náà? Yàrá tí mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn? Ẹ lọ gbé tèmi. Ẹ gbé ti gbogbo wa.”

Wọ́n lọ gbé e. Adìẹ kan kú sí ti ìyá mi, òmíràn kú sí ti olórí ìjọ wa, òmíràn kú sí ti bàbá tó ń pe ìrun fún àwọn mùsùlùmí àdúgbò. Ilẹ̀ kún fún ìyẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ láàárín òkú adìẹ, ó di obìnrin ará Ọ̀pin mọ́ra tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, ó ń wí pé, “Àwọn ọmọ mi, àwọn ọmọ mi,” bí ẹni pé òun ni wọ́n.

Mo rò pé ó parí. Ọkàn mi ti ń balẹ̀, mo ti ń dúpẹ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu mi. N kò mọ̀ pé ìbínú kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n ti dí i ló ti yí padà, tó wá ẹnubodè mìíràn. Ẹ̀gbọ́n fi irun obìnrin náà sílẹ̀, ó gbé ọmọrí odó tó wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n fi fọ́ apá rẹ̀, ó ní, “Ta ló ní ká má lọ sódò?” Kò gbóhùn sókè rárá. Gbogbo ìlú tẹ̀ lé e.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn, mo ń bẹ̀ wọ́n, wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n bá dógarì ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀ lójú rẹ̀, ẹṣin náà ń ké bí ọmọ ènìyàn. Wọ́n fi kòbókò rẹ̀ na án títí kòbókò fi já, wọ́n fi ọmọrí odó fọ́ orúnkún rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti iná bọ òrùlé. Ó ń ké pe Ọlọ́run ní ohùn tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bàbá tó ń pe ìrun dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Òun ló jẹ́ kí dógarì ṣẹ́ kù láàyè. Ohun tí mo sọ láti gba ẹnì kan là ló gbé wọn dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi náà kì í ṣe tèmi, mo sì tún mọ̀ pé bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, ara mi kì í gbà á.

Àwọn ṣọ́jà dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n sun abà, àwọn abà tó ṣófo. Wọ́n to gbogbo ọkùnrin tó bá lè dìde sí iwájú ilé ọba, wọ́n sì nà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n nà mí ju àwọn mìíràn lọ, nítorí ẹnì kan ti sọ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n de ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n fà á lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. A kò rí i mọ́. Lọ́jọ́ náà ìyá mi fi omi iyọ̀ wẹ ẹ̀yìn mi. Mo ké títí ohùn mi fi lọ. Láàárín igbe náà, ọ̀rẹ́ mi, àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ ni mo rántí. Mo ń mọ̀ ọ́n lára bí iyọ̀ ti ń fa omi láti ara mi, láti inú ilé kéékèèké náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé olùkọ́ wa kò sọ fún wa pé ó máa ń dunni.

Ajẹ́lẹ̀ kò fagi lé àṣẹ rẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó tún wá ṣọ́ odò ni. Ọjọ́ kan, agbọ̀n kan wà nínú omi. Nígbà tó yá, wọ́n pọ̀. Àwọn ènìyàn Ọ̀pin wá mú ọmọ wọn, ó sì kọ̀ láti bá wọn lọ. Ó ní ibi tí òkú ọkọ òun wà ni òun wà. Apá rẹ̀ jinná ní wíwọ́. Ó wá sí ilé ìwé mi lọ́sàn-án kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ọmọ fi jáde.

“Olùkọ́,” ló wí, “lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ ń sọ, kí ló túmọ̀ sí?”

Mo la ẹnu. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi, sẹ́ẹ̀lì àti awọ àti dídọ́gba. Mo wo apá rẹ̀. Mo ní, “Pé oró kò ti ọwọ́ yín wá.”

Ó mi orí. “Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó sì lọ.

N kò rò pé bí mo bá tilẹ̀ sọ ọ́ ní kúkúrú wọn ì bá gbọ́. Kùmọ̀ yóò ṣì bà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn pẹ̀lú ní irú awọ bẹ́ẹ̀ lára. Mo ti máa ń rò pé bí òótọ́ bá ti pọ̀ lọ́dọ̀ mi, yóò ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní in, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbínú ń kọjá kíá, ìbẹ̀rù ń kọjá láìkanlẹ̀kùn. Òótọ́ ni a ní láti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ká sì fara balẹ̀ fún un. Mo ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ìwọ náà rí i pé n kò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Nígbà tí mo bá lọ sódò nísinsìnyí, mo máa ń rí àwọn méjèèjì, opó ará Ọ̀pin àti ìyàwó ẹni tí wọ́n mú lọ sí Ìlọrin. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pé a máa gé èsúrú, ẹni tí apá rẹ̀ wọ́ a máa fi iyọ̀ ra á. Agbọ̀n kan náà ni wọ́n ń kó o sí báyìí. Wọn a jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí omi ti ń sáré, wọn a jókòó sórí òkúta, omi a sì máa gba àárín èsúrú náà kọjá, a máa gbé ìkorò rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.